Kókó Ni, Kì í Ṣe Kòkó

Ẹ wá, ẹ jókòó. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, kó gbé e sílẹ̀ díẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò gùn tó àkókò tí èèyàn fi ń dúró de nọ́ńbà rẹ̀ ní ọsibítù. Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé àwọn rí nǹkan kan nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Sún mọ́ mi. Àwọn yòókù lè máa gbọ́ láti ẹ̀yìn. Ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Mo ti lo nǹkan bí ogójì ọdún ní Àbújá. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbé mi wá láti Èkìtì, Karmo ni mo sì fẹ̀yìn tì sí, nínú ilé tí èmi àti ìyá Tóyìn kọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú àwọn ọmọ wa, Tóyìn nìkan ló wà nítòsí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Wuse. Àbújá ni a bí i sí, Àbújá ló sì dàgbà sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó ń wá, ó ń lọ. Ìyá Tóyìn ní, "Eruku ni. Ṣé ẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń tú gbogbo ọ̀nà àdúgbò yìí ni?" Èmi náà ní eruku ni. Mo ra oògùn ikọ́, mo mu ún tán, mo tún ra òmíràn. Ọyẹ́ lọ. Òjò dé, ó pa gbogbo eruku Karmo mọ́lẹ̀. Ikọ́ ò lọ.

Ohùn ìsàlẹ̀ ni mò ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, mo gbé ìlà orin kan, mi ò sì lè gbé e dópin. Mo kàn ń la ẹnu lásán kí àwọn èèyàn má baà mọ̀. Ọ̀gá akọrin mọ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ń jẹ orin wa mọ́lẹ̀ o." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo rí nǹkan pupa kan, tín-ín-rín bí òwú, nínú ohun tí mo hú sínú áńkáṣíìfù. Mo ká a pọ̀. Mo fọ̀ ọ́ fúnra mi, mo sì sá a sẹ́yìn ilé níbi tí ìyá Tóyìn kì í dé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún odidi oṣù kan. Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Ìyàwó mi ló tú mi fó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní, "Ọkùnrin tí kò fọ ife rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, òun ló wá ń fọ áńkáṣíìfù. Ẹ mú un wá kí n rí i." Mo mú un fún un. Ó wọlé, ó lọ kó aṣọ tí a ó wọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ní ọsibítù náà, ìwé kan wà lórí tábìlì tí èèyàn á kọ orúkọ sí bó bá ṣe dé. Bí o bá dìde lọ tọ̀, kí o bẹ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ kó bá ọ di ipò rẹ mú. Bàbá Hausa kan ló máa ń bá mi di tèmi mú. Bí mo bá ti dé, á ní, "Sànnu, Bàbá," èmi náà á ní, "Yauwa, sànnu." Ikọ́ ló gbé òun náà wá. A kò gbọ́ èdè ara wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí òun bá wúkọ́, èmi á mi orí, bí èmi bá wúkọ́, òun á mi orí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹlòmíràn ló jókòó síbi tó máa ń jókòó. Mi ò béèrè.

Wọ́n yẹ itọ́ mi wò nítorí ikọ́ ife. Wọn kò rí i. Inú mi dùn gidi, ṣùgbọ́n mo wo ojú dókítà, inú tirẹ̀ kò dùn. Obìnrin Hausa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, òyìnbó la jọ ń sọ. Ó ní kí wọ́n ya àwòrán àyà mi nínú ẹ̀rọ rìbìtì kan. Nígbà tí àwòrán dé, ó fi bírò tọ́ka síbì kan ní òkè ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan. Ó tún tọ́ka síbòmíràn ní ìsàlẹ̀ ti òsì. Ó pe orúkọ wọn lédè òyìnbó, ó ní méjì ni.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ṣe láyé yín?"

"Iṣẹ́ ìjọba."

"Kí ẹ tó ṣe ti ìjọba ńkọ́?"

Mo sọ fún un. Oko kòkó ni bàbá wa fi tọ́ wa. Láti kékeré ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Òjó, ti ń fọ́n oògùn sí kòkó kí èso rẹ̀ má baà dúdú lórí igi. Táńkì kan ṣoṣo ló wà, táńkì bàbá wa, èyí tí à ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bí òun bá gbé e, èmi á máa po oògùn. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, èmi á gbà á. A kì í bo imú. Atẹ́gùn a máa dá oògùn náà padà sí wa lójú, a ó sì máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ pé imú ẹni báyìí ti di aró, nítorí àwọ̀ aró ni oògùn náà ní.

Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo bi í bóyá òun ló fà á. Ó ní, "Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń béèrè ni. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ara ẹ̀gbọ́n mi le. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti pẹ́ débi pé gbogbo wa ti rò pé bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

Nínú mọ́tò tí a fi ń lọ sílé, Tóyìn fẹ́ sọ fún àwọn ẹbí lórí fóònù. Ó bi ìyá rẹ̀ pé, "Mọ́mì, nǹkan tó le, tó wú rogodo nínú ara, kí lorúkọ ẹ̀ ní Yorùbá?"

"Kókó," ni ìyá rẹ̀ wí.

Tóyìn kọ ọ́ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kọ Yorùbá, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀: *Won ri koko meji ninu edoforo Daddy. E ba wa gbadura.* Ó fi ránṣẹ́.

Ní abúlé wa, ojú Bọ̀dá Òjó kò gbé lẹ́tà fóònù mọ́. Ṣẹ́gun, àkọ́bí rẹ̀, tó ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n jọ ń ṣe oko, ló bá a kà á. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ní abúlé tó jẹ́ pé kòkó ni wọ́n ń jí rí, kòkó ni wọ́n ń sá sójúde, kòkó ló rán ọmọ níléèwé, bí wọ́n bá rí k-o-k-o láìsí àmì, ta ni yóò kà á sí nǹkan mìíràn?

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Kò kí mi.

"Àbúrò. Ṣé méjì ni lóòótọ́?"

"Méjì ni."

"Wọ́n fi ojú rí i?"

"Wọ́n fi hàn mí nínú àwòrán."

Mo gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́, ó gbé fóònù jìnnà sí ẹnu. Ó wá ní, "Máa bọ̀ nílé. Nǹkan yẹn, kì í ṣe ti dókítà. Mo mọ ibi tó ti wá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: a kì í pe ohun tó ń bá ni jà lórúkọ, kó má baà dáhùn. "Nǹkan yẹn" ni òun wí, "nǹkan yẹn" ni èmi náà wí, olúkúlùkù sì ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Dókítà ti ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí a jọ sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ tí wọ́n ó gún wọ inú ẹ̀dọ̀fóró láti bu díẹ̀ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ló lé mi sá. Mi ò ní tàn yín. Tóyìn bínú títí ó fi sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kí n lọ, kí n tètè bọ̀. Mo lọ, mo sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Láràárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń fún mi ní àgbo èèpo igi kan tó korò bí orogbó. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé ìkòkò gbígbóná síwájú mi, wọ́n á da aṣọ bò mí lórí kí n máa fa èéfín rẹ̀ símú. Òun náà máa ń dá lọ sí oko kan tí kò jẹ́ kí n bá òun dé, á sì padà pẹ̀lú erùpẹ̀ lórúnkún ṣòkòtò méjèèjì. Mo ń rù. Òun náà ń rù. Bí mo bá dákẹ́ ikọ́, òun á gbà á lẹ́nu mi. Ìyàwó Ṣẹ́gun máa ń ní, "Ẹ̀yin bàbá méjèèjì ti tún ń bá ara yín tàkúrọ̀sọ." A máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà á sì di ikọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ ló mú mi lọ sí oko náà. Nígbà tí wọ́n bí wa, abẹ́ igi kòkó ni bàbá wa ri ìwọ́ wa sí, igi kan fún òun, igi kan fún mi, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà létí odò. Ti ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó so. Tèmi ti di kùkùté.

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún mi, èmi àbúrò rẹ̀. Mo fẹ́ gbé e dìde, ó gbá ọwọ́ mi dànù.

"Mo gé e léṣìí. Èso rẹ̀ ń dúdú, mo bẹ̀rù kó má ran àwọn yòókù. Mi ò sọ fún ọ. Ìgbà tí Ṣẹ́gun kà á fún mi pé wọ́n rí kòkó méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ, mo mọ̀. Igi rẹ ló wọlé sí ọ lára, ó sì ti mú tèmi dání."

Mo ní, "Rí kíni?"

"Kòkó."

Mo gun òkè tí wọ́n ti máa ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo ń mí gúlegúle, mo pe Tóyìn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé mi.

"Tóyìn, kí ni wọ́n rí nínú mi?"

"Ṣebí mo ti kọ ọ́, Daddy."

"Fi ẹnu sọ ọ́."

"Kókó. Bíi èyí tó máa ń wà lára pákó, tí ìṣó ò lè wọ̀."

"Kì í ṣe kòkó?"

"Kòkó? Èyí tí a ń pò mu láàárọ̀? Daddy, báwo ni yẹn ṣe fẹ́ dénú ẹ̀dọ̀fóró?"

Mo bú sẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohùn lẹ yí padà. Igi tí mo gé, mo ṣì gé e."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi lọ sí Àbújá kí wọ́n wo tirẹ̀ náà. Ó ní òun kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń wá ohun tí kò sọnù. Ó ní, "Ikọ́ tèmi ti wà láti ìgbà tí mo ti ń fọ́n kòkó. Bó bá fẹ́ pa mí, ì bá ti pa mí." Bí a ṣe dé ilé, ó gbé táńkì bàbá wa kọ́ ẹ̀yìn, ó lọ sí oko. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí kẹ́yìn nígbà tó ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Mo padà sí Àbújá. Dókítà kò bá mi wí. Ì bá dára kó bá mi wí. Ó gbé àwòrán tuntun lé ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́, ó ní kí n wò ó fúnra mi. Ti òsì ti tóbi sí i.

Ó ṣàlàyé fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe yé mi. Àwòrán àkọ́kọ́ lè sọ pé kókó wà, kò lè sọ irú èyí tó jẹ́. Abẹ́rẹ́ lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó lè lu ẹ̀dọ̀fóró kí atẹ́gùn jò jáde, ti ọ̀tún sì sún mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá jù. Ó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí àwọn bẹ̀rù kó tó gún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀rọ kan wà nílùú yìí, ẹ̀rọ òòfà tí wọ́n ń pè ní MRI, ṣùgbọ́n èyí tí òòfà rẹ̀ kò lágbára púpọ̀. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe alágbára ló yẹ ká wá. Ó ní atẹ́gùn tó kún inú ẹ̀dọ̀fóró a máa da àwòrán rú mọ́ àwọn alágbára lọ́wọ́. Èyí tí kò lágbára ń fi sùúrù wò ó.

Obìnrin Okun kan, Yorùbá bíi tèmi, ló ń darí ẹ̀rọ náà. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó ju òyìnbó sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ bọ́ aago. Ṣé eyín tí wọ́n rà wà lẹ́nu yín?"

"Tèmi ni gbogbo rẹ̀, èyí tó kù níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Omi wà nínú ẹran ara wa níbi gbogbo, kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ rò ó bí ọjà Wuse. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ kí ọjà tó kún, ṣé ẹ lè rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn?"

"Mo lè rìn ín."

"Ní ọ̀sẹ̀ Kérésì ńkọ́?"

"Bóyá ni mo fi lè gbé ẹsẹ̀."

"Ohun tí a fẹ́ wò nìyẹn. Ibi tí nǹkan burúkú bá ti kóra jọ, wọ́n á fún mọ́ ara wọn, omi ò ní ríbi gbà. A fẹ́ wo bóyá omi ń rìn nínú kókó yín."

Mo wọlé. Ibùsùn rẹ̀ le. Ó ń dún kù-kù-kù bí ẹni tó ń gún nǹkan ní ilé kejì. Ohùn rẹ̀ ń wọlé bá mi: "Ẹ mí sínú. Ẹ mú un dúró. Ẹ fi sílẹ̀." Mo ń gbìyànjú, ikọ́ ń fi èékánná họ mí lọ́fun. Á ní, "Ẹ wú u, Bàbá, a ó tún bẹ̀rẹ̀." A tún bẹ̀rẹ̀ títí mi ò fi lè ka iye rẹ̀ mọ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń bẹ omi. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà láti kékeré, mi ò gbàdúrà, omi ni mò ń bẹ. Rìn, jọ̀ọ́. Rìn.

Nígbà tí mo jáde, mo bi í pé, "Ṣé omi ń rìn?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá bàtà mi. Bàtà mi wà níwájú mi gbangba.

Dókítà ló sọ ọ́ fún mi. Ti ọ̀tún, omi ń rìn nínú rẹ̀ dáadáa. Kí a fi sílẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ. Ti òsì, omi dúró síbẹ̀. Ó ní dídúró omi nìkan kò tó láti pe orúkọ àrùn, nítorí egbò inú lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà, abẹ́rẹ́ ló kù. Wọ́n gún un, òun nìkan. Jẹjẹrẹ ni. Ó ní kò tíì rìn lọ síbòmíràn. Mo bi í bí ì bá ti rí ká ní mo padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tó dá fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ilẹ̀ tí a rà sí Bwari fún Tóyìn la tà láti fi sanwó iṣẹ́ abẹ. Tóyìn fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá sílé láti sọ fún wa pé jẹjẹrẹ tí ọ̀bẹ bá kàn, inú ló ń bí i. Ìyá Tóyìn ní, "Àǹtí mi, ọkọ ta ni?" Àǹtí ní, "Ọkọ tìrẹ ni." Ó ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n bu oúnjẹ fún yín." Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Wọ́n gé apá kan ẹ̀dọ̀fóró òsì mi kúrò. Mo jí. Ohùn mi kò bá mi jí tán.

Bọ̀dá Òjó ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ní oṣù kọ̀ọ̀kan, ohùn tirẹ̀ náà ń jìnnà sí i, bí ẹni tó ń wọ inú oko lọ. Nígbà tí kò lè dìde mọ́ ni Ṣẹ́gun tó gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán. Ṣẹ́gun bi wọ́n pé ṣé méjì ni. Wọ́n ní àwọn kò kà á. Ẹ̀gbọ́n mi lọ kí kòkó ọdún yẹn tó pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ igi rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, igi náà so lọ́dún yẹn ju bó ṣe ń so lọ.

Ó ti pé ọdún méjì tí wọ́n ti gé tèmi. Mo wà láàyè. Mo lè gun àtẹ̀gùn báńkì Tóyìn bí mo bá sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣì ń jókòó láàárín àwọn akọrin, ìwé orin ni mò ń bá wọn ṣí. Ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mò ń padà lọ dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀rọ òòfà yẹn nítorí kókó ọ̀tún tí a fi sílẹ̀. Èyí tí mo lọ kẹ́yìn, obìnrin Okun yẹn tún bá mi wá bàtà. Dókítà ní omi ṣì ń rìn níbẹ̀, ó kàn ń rìn pẹ̀lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí n má dúró di oṣù mẹ́fà, kí n wá ní mẹ́ta. Màá lọ. Ìwọ náà, ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún ọ, lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gbé orúkọ àìsàn rẹ káàkiri láìsí ohùn rẹ̀ lórí rẹ̀. Fi ẹnu ara rẹ pè é. Kò ní dáhùn ju bó ti ń dáhùn tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ku ogún ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ẹbí ti jókòó, wọ́n ti pín in. Ìyàwó rẹ̀ ló ni ilé. Oko etí odò di ti àwọn ọmọ rẹ̀, Ṣẹ́gun ló ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni wọ́n fún ní ibi tí kùkùté mi wà. Wọ́n ní ó ti ń rú ewé. Tóyìn kò jogún ilẹ̀, àmì ohùn ló jogún: kò tún fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ránṣẹ́ mọ́ láìfi àmì sí i, àwọn mọ̀lẹ́bí sì ń pè é ní Tóyìn Alámì.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ táńkì. Mo pe Ṣẹ́gun lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í pé ọwọ́ ta ló wà.

Ó ní, "Ẹ̀yìn mi ló wà, Bàbá. Ó ṣì ń fọ́n dáadáa."

Lẹ́yìn náà ló wúkọ́. Ó gbé fóònù jìnnà sí ẹnu kó tó wú u, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Mo bi í pé irú ikọ́ wo nìyẹn. Òjò ń rọ̀ lórí páànù ilé wọn, mo ń gbọ́ ọ ketekete.

Ó ní eruku ni.